Ẹni tí Ọ̀rọ̀ Gún Lára Kọ́ Ni Yóò Dá Ẹjọ́ Rẹ̀

Kò sí ìjọba kan láyé tí inú rẹ̀ máa ń dùn nígbà tí a bá ń sọ àṣìṣe rẹ̀ ní gbangba. Ìjọba Òyìnbó kò fẹ́ ẹ, ìjọba ológun kò fẹ́ ẹ, ìjọba tí a fi ìbò gbé sípò pàápàá kò fi gbogbo ọkàn fẹ́ ẹ. Ohun tí ó ya ìjọba tiwa-n-tiwa sọ́tọ̀ ni pé, bí ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ń dùn ún, a kò fún un ní àṣẹ láti di ẹnu ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Níbo wá ni ẹ̀tọ́ àtisọ̀rọ̀ ti pin? Ta ni yóò sì fi ààlà náà hàn? Ìbéèrè méjì yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò, nítorí pé ẹni tí ó bá ṣi èkejì dáhùn ti ba èkíní jẹ́.

Ìwé Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 kò dákẹ́ lórí ọ̀ràn yìí. Abala 39 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti ní èrò tirẹ̀, láti gba ìròhìn àti láti tan ìròhìn kálẹ̀. Abala 22 gbé e lé àwọn oníròhìn lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa rí i pé ìjọba ń jíhìn fún ará ìlú. Ṣùgbọ́n abala 45 gbà pé a lè fi òfin pààlà sí ẹ̀tọ́ náà, bí òfin bẹ́ẹ̀ bá tọ́ nínú ìlú tí ń ṣe ìjọba tiwa-n-tiwa, fún ààbò àti àlàáfíà ìlú, tàbí láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Àwa kò bá èyí jà. Ẹ̀tọ́ tí kò ní ààlà dà bí odò tí kò ní bèbè. Oko olóko ni yóò gbé lọ.

Kí ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ kì í pa ènìyàn wo Rùwáńdà. Ní ọdún 1993 ni rédíò kan tí a ń pè ní RTLM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ó ń kọrin, ó ń ṣe àwàdà, ó sì ń pe àwọn Tutsi ní aáyán. Nígbà tí ìpakúpa bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1994, rédíò yìí kan náà ni ó ń dárúkọ àwọn ènìyàn tí ó sì ń sọ ibi tí wọ́n sá pamọ́ sí. Àjọ Ìparapọ̀ Àgbáyé ṣírò àwọn tí ó kú sí nǹkan bí 800,000. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, ilé ẹjọ́ àgbáyé tí ó jókòó ní Arusha dá ọkùnrin mẹ́ta tí ó wà nídìí rédíò náà àti ìwé ìròhìn kan lẹ́bi. Ẹni tí ó bá ní kí a lọ pa ará ilé kejì, kì í ṣe èrò ọkàn rẹ̀ ni ó ń sọ. Ọwọ́ ti bọ inú ìpànìyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: rédíò náà kì í ṣe ọ̀tá àwọn alágbára ilẹ̀ náà, ọ̀rẹ́ wọn ni. Ẹni tí à bá máa retí kí ó pa á lẹ́nu mọ́, òun gan-an ni ó tì í lẹ́yìn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi Rùwáńdà dẹ́rù bà wá pé kí a kó kọ́kọ́rọ́ ẹnu wa fún ìjọba.

Ní ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Ní ọdún 1909 ni ìjọba Òyìnbó gbé òfin ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀ kalẹ̀ ní Gúúsù Nàìjíríà. Ní oṣù Keje ọdún 1945, nígbà ìyanṣẹ́lódì ńlá nì, wọ́n ti West African Pilot àti Daily Comet pa. Òyìnbó lọ, òfin rẹ̀ kò bá a lọ. Ní ọdún 1961, ilé ẹjọ́ wa tí ó ga jù lọ fọwọ́ sí i pé òfin ìdìtẹ̀ lè mú Dókítà Chike Obi nítorí ìwé pélébé tí ó fi bá ìjọba wí. Ní ọdún 1984, àwọn ológun ṣe Òfin Kẹrin, wọ́n sì fi í ju Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti The Guardian sẹ́wọ̀n ọdún kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bu 50,000 náírà lé ilé iṣẹ́ wọn. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn? Wọ́n sọ orúkọ àwọn tí ìjọba fẹ́ rán lọ ṣe aṣojú wa ní òkè òkun. Ọ̀gágun Buhari tí ó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà tún di ààrẹ nípa ìbò. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, lẹ́yìn tí Twitter yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan kúrò, ìjọba rẹ̀ ti Twitter pa mọ́ gbogbo ọmọ Nàìjíríà lójú fún oṣù méje ó lé. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Nínú gbogbo ọ̀ràn wọ̀nyí, kò sí ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni ti ní kí a lọ pa ènìyàn. Ọ̀rọ̀ gún aláṣẹ lára ni. Aláṣẹ náà ni ó pe ẹjọ́, òun náà ni ó sì dá a. Agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Kí ni a ó wá pe ẹni tí ó dá ẹjọ́ ara rẹ̀? Ẹ wo ìyàtọ̀ nígbà tí ilé ẹjọ́ bá dá dúró. Ní ọdún 1983, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Enugu dá Arthur Nwankwo sílẹ̀, ẹni tí a ti dá lẹ́bi nítorí ìwé tí ó kọ nípa gómìnà rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2022, ilé ẹjọ́ ECOWAS pàṣẹ pé títì tí a ti Twitter pa kò bá òfin mu.

Òfin ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára ti ọdún 2015, ní abala 24, sọ ọ̀rọ̀ tí ó bí ènìyàn nínú di ẹ̀ṣẹ̀. A tún un ṣe ní ọdún 2024, ṣùgbọ́n lẹ́yìn àtúnṣe náà, ọlọ́pàá ṣì ń fi í mú àwọn akọ̀ròhìn.

Ohun tí a ń béèrè kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, kí òfin sọ ẹ̀ṣẹ̀ náà ní kedere, kí ó má jẹ́ ìbínú aláṣẹ ni òṣùwọ̀n. Èkejì, kí ó jẹ́ adájọ́ tí kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni ni yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ààlà, kì í ṣe mínísítà, kì í ṣe ọlọ́pàá. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tí a bá bà lórúkọ jẹ́ gba owó ìtanràn ní kóòtù. Ẹ̀wọ̀n kò sí fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwa oníròhìn náà ní ẹrù tiwa. Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Kí a wádìí kí a tó kọ, kí a sì tọrọ àforíjì ní gbangba bí a bá ṣì í kọ.

Sí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú gbogbo, a ní ọ̀rọ̀ kan. Ẹgbẹ́ tí kò sí lórí oyè a máa kígbe òmìnira ọ̀rọ̀; ọjọ́ tí ó bá dé ibẹ̀ ni à ń mọ̀ bóyá òótọ́ ni ó ń sọ. Kí gbogbo wọn rántí pé òfin tí a fi di ẹnu alátakò lónìí yóò ṣì wà nínú ìwé lọ́la, nígbà tí ọwọ́ tí ó mú un bá ti yí padà.