Ẹ Fetí sí Orúkọ Inú Ìwé Fágúnwà

A tún ra Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní àlòkù ní Ọjà Tuntun, Ìlọrin níbí. Ọdún 1938 ni Fágúnwà kọ́kọ́ gbé e jáde. Nígbà tí a kà á ní girama, ohun tí wọ́n ń bi wá kò ju méjì lọ: ta ni Àkàrà-oògùn bá jà, kí sì ni ẹ̀kọ́ inú ìtàn náà? A dáhùn, a gba máàkì. Kò sẹ́ni tó ní kí a fetí sí orúkọ.

Ẹ gbọ́ Olóhùn-iyọ̀. Oyin la sábà máa ń fi ohùn olórin wé. Fágúnwà lọ bu iyọ̀. Ẹni tó bá ti jẹ ọbẹ̀ àtẹ́ rí á mọ ìdí. Ìmọ̀dòye ńkọ́? Odidi gbólóhùn ni: ìmọ̀ di òye, ó wá di ènìyàn tó ń rìn nínú igbó. Àkàrà-oògùn tilẹ̀ ń pa ọmọdé lẹ́rìn-ín (àkàrà kẹ̀!), àgbà gbọ́ oògùn, ó dákẹ́.

Ká sọ òótọ́, ìwàásù inú ìwé náà gùn jù fún wa. Àwàdà orúkọ wọ̀nyí ló mú wa kà á parí.

Ìwé àkópọ̀ ni àwọn àbúrò wa fi ń múra ìdánwò báyìí. Yóò sọ fún wọn pé olórin ni Olóhùn-iyọ̀, kò ní dárúkọ ọbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti di olùkọ́ láàárín wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sókè fún wọn ní kíláàsì kí ẹ tó béèrè ìbéèrè kankan.