Ọ̀gá tó ń fi tágẹ́ẹ̀tì lé òṣìṣẹ́ kiri, orúkọ ara rẹ̀ ló ń tà

Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Apple Junction, níbi tí Festac ti pàdé Amuwo-Odofin, kò ní í rìn jìnnà kí ọmọ tó ń tajà tó dá a dúró. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo fóònù." "Àǹtí, ṣájà gidi wà níbí o." Àwọn tó ń ta síìmù wà lábẹ́ agbòjò, àwọn tó ń ṣe POS náà jókòó ti tábìlì wọn. Lójú ẹni tó ń kọjá lọ, ó lè dà bíi pé kálukú ló ń ṣe tiẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ọ̀gá tó ń dúró de iye tí wọ́n máa mú wálé lálẹ́. Bí iye náà kò bá pé, ọ̀rọ̀ á di ariwo.

Iye yẹn ni wọ́n ń pè ní tágẹ́ẹ̀tì. Àwọn òṣìṣẹ́ báńkì àti tiléeṣẹ́ fóònù ti mọ ọ̀rọ̀ náà tipẹ́, ó sì ti wọ ṣọ́ọ̀bù kéékèèké báyìí. Ọ̀gá tó gba ọmọ méjì péré síṣẹ́ náà ti ń fún wọn ní tágẹ́ẹ̀tì. Kò burú kí oníṣòwò mọ iye tó fẹ́ tà lóṣù. Èyí tó burú ni kó jẹ́ tágẹ́ẹ̀tì nìkan ni ọ̀gá mọ̀, kí ó má mọ̀ bóyá òṣìṣẹ́ rẹ̀ jẹun, kí ó má sì fẹ́ gbọ́ ohun tí òṣìṣẹ́ rí lọ́jà. Irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ rò pé ọjà lòun ń tà. Orúkọ ara rẹ̀ ló ń tà.

Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ti rí nǹkan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 9, oṣù keje, ọdún 2018, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC lọ dí ẹnu ọ̀nà àwọn ọ́fíìsì MTN káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan iléeṣẹ́ náà ni pé kò jẹ́ káwọn òṣìṣẹ́ ṣẹgbẹ́, àti pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló jẹ́ òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ tí ọkàn wọn kò balẹ̀. MTN ní ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, pé òun kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti ṣẹgbẹ́. Ẹni yòówù kó jàre, ohun kan dájú: oníbàárà tó fẹ́ lọ ṣàtúnṣe láìnì rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹnu ọ̀nà títì ló bá. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ọ̀gá ló ṣẹ̀ ni àbí òṣìṣẹ́.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, àjọ NCC tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ bu owó ìtanràn lé iléeṣẹ́ kan náà, nítorí pé kò já láìnì mílíọ̀nù 5.2 tí wọn kò forúkọ wọn sílẹ̀ bó ṣe yẹ. ₦200,000 ni lórí láìnì kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ rẹ̀ sì lé ní tírílíọ̀nù kan náírà. Ọ̀gá àgbà gbogbo MTN, Sifiso Dabengwa, fipò sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìpàdé, wọ́n fẹnu ọ̀rọ̀ jóná sí bílíọ̀nù 330 náírà ní oṣù kẹfà ọdún 2016. Ohun tó yẹ kí oníṣòwò fà yọ níbẹ̀ ni pé NCC kò lọ bá ẹni tó jókòó sábẹ́ agbòjò tó ń ta síìmù. Orúkọ tó wà lára síìmù ni wọ́n rí, òun náà ni wọ́n mú.

Ti báńkì Wells Fargo ní Amẹ́ríkà ló fi ọ̀rọ̀ tágẹ́ẹ̀tì hàn gbangba jù. Àwọn ọ̀gá níbẹ̀ fẹ́ kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní tó oríṣi nǹkan mẹ́jọ pẹ̀lú báńkì náà, wọ́n sì ń tẹ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́rùn lójoojúmọ́. Nígbà tí ọrùn ro wọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àkáǹtì fáwọn èèyàn tí kò ránni níṣẹ́. Nígbà tí àṣírí tú lọ́dún 2016, wọ́n ní irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ lè tó mílíọ̀nù méjì. Báńkì náà ti lé nǹkan bí òṣìṣẹ́ 5,300, ó san mílíọ̀nù 185 dọ́là, John Stumpf tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá sì kúrò nípò ní oṣù kẹwàá. Lọ́dún 2020, ó tún san bílíọ̀nù 3 dọ́là lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Tágẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń wá èrè ló gba èrè náà lọ́wọ́ wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní báńkì ọ̀hún lè ṣẹlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò ju yàrá kan lọ. Ọmọ tí wọ́n sọ fún pé kò ní í rí kọ́bọ̀ gbà bí kò bá ta fóònù mẹ́wàá, tó bá ku méjì lọ́jọ́ tóṣù ń parí, yóò sọ pé fóònù àlòkù tuntun ni. Yóò ní bátìrì rẹ̀ ń lo ọjọ́ méjì. Yóò ṣèlérí wàrántì tí ọ̀gá kò mọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, oníbàárà á padà wá pẹ̀lú ìbínú, ọmọ náà sì lè ti bá ẹlòmíràn lọ. Ọ̀gá ló máa dúró gba èébú.

Àwọn kan lè rò pé bí kò bá ti sí kọmíṣàn, ìjà tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ lásán ló pa Apple Junction àti iléeṣẹ́ Apple tó ń ṣe fóònù pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà lára wọn. Wọn kì í san kọmíṣàn fáwọn tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù Apple. Síbẹ̀, ní oṣù kẹfà ọdún 2022, àwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù Apple ní Towson, ìpínlẹ̀ Maryland, dìbò 65 sí 33 pé àwọn fẹ́ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Àwọn ló kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù Apple ní Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí ẹnu wọn tó ọ̀rọ̀ owó ọ̀yà àti wákàtí iṣẹ́. Owó nìkan kọ́ ló ń bí òṣìṣẹ́ nínú, kí ọ̀gá má gbọ́ tẹnu rẹ̀ náà ń bí i nínú.

Oníṣòwò náà ní ẹjọ́ tirẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ. Owó ṣọ́ọ̀bù ń gòkè, epo jẹnẹrétọ̀ wọ́n, ọjà kì í sì í tà lójoojúmọ́. Ó ní bí òun bá ń san owó oṣù yálà ọjà tà tàbí kò tà, àwọn ọmọ á máa sùn lórí tábìlì. Òótọ́ wà níbẹ̀. Òfin owó oṣù tó kéré jù ti ọdún 2019 náà yọ iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ó sì yọ ẹni tó ń gba kọmíṣàn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tó yọ ọ̀gá sílẹ̀ kò yọ òṣìṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ owó ọkọ̀ láti Ojo dé Festac.

Ọ̀nà àbáyọ kò le. Àkọ́kọ́, kí owó oṣù kan wà tí kò ní í yẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, tó lè gbé òṣìṣẹ́ wá síbi iṣẹ́ kó sì jẹun. Kí tágẹ́ẹ̀tì wà lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àfikún. Èkejì, kí wọ́n má san kọmíṣàn lọ́jọ́ tí ọjà bá jáde. Bí ọmọ kan bá ta fóònù mẹ́wàá, tí mẹ́ta padà wá láàárín oṣù kan nítorí irọ́ tó pa, méje ló tà. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá mọ èyí, òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ òótọ́ fún oníbàárà.

Ẹ̀kẹta, kí ohun gbogbo wà nínú ìwé. Òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa ní kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ ní àkọsílẹ̀ àdéhùn iṣẹ́ kó tó pé oṣù mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀. Òfin yẹn kan náà kò gbà kí ọ̀gá máa yọ owó ìtanràn lára owó oṣù. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí àìbìkítà rẹ̀ fa òfò, aláṣẹ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní láti fọwọ́ sí i nínú ìwé kí wọ́n tó yọ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò tó ń yọ "shortage" lóṣooṣù ni kò mọ̀ pé òfin kò sí lẹ́yìn wọn.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tí kò náni ní kọ́bọ̀. Kí ọ̀gá jókòó ti àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó béèrè ohun táwọn oníbàárà ń sọ, kó má sì bínú sí ẹni tó bá sọ pé ọjà kan kò dáa. Ọmọ tó ń pe èrò láti àárọ̀ dalẹ́ ní Apple Junction mọ ohun tí ọ̀gá tó wà nílé kò mọ̀. Bí ọ̀gá bá dí ẹnu rẹ̀, oníbàárà ló máa wá sọ ọ́ fún un, ariwo ló sì máa fi sọ ọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù.