Ká Tó Gun Ọgọ́rùn-ún Ẹṣin

Nínú ọlidé tó kọjá, ọ̀kan nínú àwa tí a jọ ń kọ búlọ́ọ̀gì yìí lọ sílé ní Èrúnmú. Nígbà tó máa padà sí kíláàsì, ńṣe ló ń tiro, wọ́n sì ti fi báńdéèjì wé ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Kì í ṣe pé kò mọ alùpùpù gùn o. Bajaj bàbá rẹ̀ ló fi ń kó ẹ̀gẹ́ láti oko wá sọ́jà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan ló gbé páwà báìkì dé láti Èkó, 600cc, tó ń dán gbinrin. Ọ̀rẹ́ wa ní kí òun kàn gùn ún dé iwájú kí òun padà. Ó tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ bó ṣe máa ń tú ti Bajaj, ó sì fún un níná bó ṣe máa ń fún Bajaj níná. Inú oko ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ti lọ fà á yọ, alùpùpù náà sì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká kọ ọ́, ká ṣáà má dárúkọ òun.

Látìgbà náà la ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan nínú wa ní ẹni tí ayé sú ló ń gun páwà báìkì. Àwọn mìíràn ní ìgbà ọ̀dọ́ ẹni la ń gun irú ẹ̀. Ibi tí a wá fẹnu kò sí ni pé ẹni tó bá wù kó gùn ún, ṣùgbọ́n kó má fi èyí tó lágbára jù bẹ̀rẹ̀. Alùpùpù kékeré tó fúyẹ́ ni kó fi kọ́ṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Agbára ẹṣin ni wọ́n fi ń wọn ẹ́ńjìnnì. Bajaj Boxer 100 tí a fi ń ti Mọ́níyà wọ abúlé, agbára ẹṣin bíi 8 ló ní. Kawasaki Ninja 300, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn alùpùpù eré sísá tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ máa ń rà, ní bíi 40. Ọ̀pọ̀ 600cc tí wọ́n ṣe fún ìdíje ní ju 100 lọ. Tí ẹ bá sì gbé wọn sórí ìwọ̀n, Ninja 300 tó nǹkan bíi 170 kg, 600cc kò sì fi bẹ́ẹ̀ wúwo jù ú lọ. Ìyẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Bí wọ́n bá jọ dúró, wọ́n jọra, àfìgbà tí ọwọ́ bá ṣì yí iná. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ìjánu la tún ń pe bíréèkì. Ẹni tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń kó ẹṣin mẹ́jọ níjàánu, kí ló fẹ́ fi ọgọ́rùn-ún ṣe?

Ọ̀nà tiwa náà tún ní ìṣòro tirẹ̀. Títì Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, tó gba Ìjàyè kọjá, ti dára látìgbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti tún un ṣe. Bí èèyàn bá wà níbẹ̀, ó lè máa rò pé òun lè fò. Ṣùgbọ́n ẹ yà kúrò lórí ọ̀dà ní oríta èyíkéyìí, erùpẹ̀ pupa àti yanrìn lẹ máa bá. Ní Lálúpọn, ní Akàǹràn, ní Bádékù, ewúrẹ́ lè já lu ọ̀nà nígbàkigbà, wọ́n sì lè ti sá láfún sí etí títì. Alùpùpù eré sísá sún mọ́lẹ̀, táyà rẹ̀ kò ní eyín púpọ̀, apá rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ débi pé àyà ni ẹni tó gùn ún fẹ́rẹ̀ẹ́ fi lé e. Ọ̀dà ni wọ́n ṣe é fún. Nínú yanrìn, tí ọwọ́ bá há mọ́ ìjánu iwájú pẹ́nrẹ́n, táyà á yọ̀, ilẹ̀ á gba ẹni tó gùn ún.

Ọ̀rọ̀ ìjánu yìí lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ní agbègbè wa kì í fọwọ́ kan ti iwájú rárá, ti ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Bẹ́ẹ̀, lórí ọ̀dà gbígbẹ, ti iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ dídúró. Ńṣe ni kéèyàn máa fún un díẹ̀díẹ̀, kó má já a mọ́ ọn lọ́wọ́ lójijì, kó má sì fún un nígbà tó bá ń kọ́nà. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ èyí lọ́jọ́ kan. Lórí Boxer, tí o bá ṣe àṣìṣe, ó lè kú mọ́ ọ nídìí, kí àwọn ọmọdé sì fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Lórí 600cc, àṣìṣe kan náà ló gbé ọ̀rẹ́ wa wọ oko ẹ̀gẹ́.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọjọ́ kan la fi ń ra alùpùpù. Àkísà, ìyẹn ìrírí, kò sí lọ́jà.

Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì mọ ohun tí à ń sọ. Níbẹ̀, ọmọ ọdún 17 kò lè gùn ju 125cc lọ. Tó bá pé 19, tó sì yege nínú ìdánwò, ó lè gun èyí tí agbára rẹ̀ kò ju ẹṣin 47 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fo gbogbo àtẹ̀gùn yìí gun èyí tó bá wù ú gbọ́dọ̀ pé 24. Ní ilẹ̀ tiwa, òfin ní kéèyàn pé 18, kó sì gba ìwé àṣẹ kíláàsì A. Kíláàsì kan náà ni ti Boxer àti ti 1000cc. A rò pé ó yẹ kí wọ́n pín in sí méjì, ó kéré tán.

Kò sì yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní 1977 ni ìpínlẹ̀ yìí ti dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá FRSC sílẹ̀ ní 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò tó. Ní oṣù kìíní 2009, nígbà tí FRSC ní dandan ni kí ọlọ́kadà àti èrò rẹ̀ dé àṣíborí, igbá làwọn kan dé sórí. Gbogbo ayé fi wá rẹ́rìn-ín. Ẹni tó dé igbá, ẹ̀ṣọ́ ló ń bẹ̀rù, kì í ṣe ilẹ̀.

Torí náà, ìmọ̀ràn tiwa rèé. Kọ́kọ́ lo oṣù mẹ́ta lórí Boxer tàbí èyí tó bá fúyẹ́ bíi tirẹ̀. Lọ sí pápá ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Sátidé, kí o máa gbéra, kí o máa dúró, títí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ á fi gbọ́ ara wọn yé. Tó bá ṣì ń wù ọ́, ra 150cc sí 300cc, kí o lò ó tó ọdún méjì. Rántí pé mẹkáníìkì abúlé mọ Bajaj tinú tẹ̀yìn, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ìjánu Ninja bá kán, ó lè di ọ̀rọ̀ Èkó.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, ẹ̀yin la fi èyí bẹ̀ jù. Bí àbúrò yín bá ní kí ẹ fi alùpùpù ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti orí èyí tó le bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi àṣíborí gidi àti ìbọ̀wọ́ ránṣẹ́, kí ẹ wo bóyá á máa lò wọ́n lórí Bajaj. Bí kò bá lò wọ́n, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Ọ̀rẹ́ wa ti ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn báyìí. Ó ti padà sórí Bajaj bàbá rẹ̀, ìjánu iwájú ló sì ń kọ́.