Òbí Tí Ọkàn Rẹ̀ Ń Ṣàárẹ̀

Ẹ̀yin olóyè àti ẹ̀yin ọmọ ìlú, àwa ọmọ Yorùbá a máa fi ìbọ̀wọ̀ fún àgbà yangàn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ń kọ wá lóminú. Nígbà tí baba bá kú, gbogbo ọmọ ni í pé jọ. A pa màlúù, a ra aṣọ, a pe onílù. Nígbà tí baba kan náà wà lórí àkéte tí kò lè mí délẹ̀ ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ ilé, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni a di ẹrù náà rù.

Ní ilẹ̀ wa, ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú ni ó sábà máa ń fa àìlera ọkàn. Ọkàn kò ní lè ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara bí ó ti yẹ mọ́, omi yóò sì dúró sí ẹsẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí náà ni ẹsẹ̀ fi ń wú, tí aláìsàn kò sì lè sùn láìfi ìrọ̀rí púpọ̀ gbé orí sókè. Àwọn mìíràn a wí pé oògùn ìkà ni ó fẹsẹ̀ tẹ̀, títí ìtọ́jú yóò fi pẹ́ jù.

Irú àìsàn yìí ń fẹ́ ojú tí ń ṣọ́ni. Kí a máa wọn aláìsàn lórí òṣùwọ̀n ní àràárọ̀. Bí ó bá fi ohun tí ó ju kílò 2 lọ wúwo sí i láàárín ọjọ́ 3, kí a tètè tọ dókítà lọ. Kí a dín iyọ̀ ọbẹ̀ rẹ̀ kù, kí a má sì gbàgbé pé iyọ̀ ń bẹ nínú magí. Oògùn tí ń fa ìtọ̀ a máa ti àgbà lójú níwájú àlejò, ó sì lè fi í pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Ta ni yóò mọ̀, bí kò ṣe ẹni tí ń tẹ́ ibùsùn rẹ̀?

Àwọn kan yóò wí pé iṣẹ́ dè wọ́n mọ́lẹ̀ ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, àti pé àwọn ń fi owó ránṣẹ́. A kò gan owó, nítorí oògùn kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n owó kò lè jí ní òru gbé baba jókòó.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí àwọn ọmọ ṣe ìpàdé nígbà tí òbí wà láàyè, gẹ́gẹ́ bí wọn yóò ti ṣe é fún ìsìnkú. Kí wọ́n pín in: ẹni tí yóò ra oògùn, ẹni tí yóò bá a lọ sí ilé ìwòsàn, ẹni tí yóò wá gba arábìnrin wọn sílẹ̀ kí òun náà lè sinmi. Kí ọkùnrin má sì yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin olórí ẹbí, iṣẹ́ yín ni láti pe ìpàdé náà.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òwe náà kò yọ ọmọ kankan sílẹ̀.