Ìka Tó Ṣẹ̀ Ni Ọba Ń Gé: Ọ̀rọ̀ Ìbọn Ọdẹ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ìbọn ní apátí, bí kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun? Òwe yìí ni àwọn kan fi ń gbe ìjọba lẹ́sẹ̀ nígbàkigbà tí ó bá ní kí àwọn ọdẹ kó ìbọn wọn sílẹ̀. Wọ́n ní ohun tí ń pani kò ṣe é fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ará ìlú. Ọ̀rọ̀ wọn dùn létí, ṣùgbọ́n kò jinlẹ̀. Òwe náà kò ní kí a gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tí ó fi ń ṣọ́ oko. Ohun tí ó ní kí a ṣe ni kí a bẹ̀rù ohun tí ó lè pani. Èrò tèmi ni pé ìbọn tí ọdẹ gba ìwé àṣẹ lé lórí jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìjọba tí ó bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìṣẹ̀ láìrò ti rú òfin tí òun fúnra rẹ̀ ń lò.

Ẹ jẹ́ kí a wo òfin náà. Ọdún 1959, kí a tó gba òmìnira, ni wọ́n ṣe òfin ìbọn tí à ń lò ní Nàìjíríà. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó pín ìbọn sí. Ìpín kìn-ín-ní ni ìbọn ogun àti irú rẹ̀, tí ó jẹ́ èèwọ̀ fún ará ìlú àfi bí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Ìpín kejì ni èyí tí ènìyàn lè ní bí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá bá fún un ní ìwé àṣẹ. Ìpín kẹta ni àwọn ìbọn tí a ń ti ẹnu ki ẹ̀tù sí: ṣakabùlà, ìbọn olókùúta àti ìbọn alákápù. Ìpín ti ọdẹ nìyẹn. Òfin mọ̀ ọ́n, ó sì dárúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ìbọn láìní ìwé, òfin ọdún 1984 lórí ìdigunjalè àti ìbọn ní kí ó san 20,000 náírà, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 10, tàbí kí ó jẹ ìyà méjèèjì pọ̀. Bí a óò bá fi irú ìyà bẹ́ẹ̀ halẹ̀ mọ́ àgbẹ̀ tí ń ṣọ́ ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ ọ̀yà ní Ìmọ̀ta tàbí ní Agbówá, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la ọ̀nà ìwé àṣẹ fún un. A kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn síta, kí a tún máa bú u pé kò wọlé.

Ọ̀rọ̀ ìbọn láàárín aláṣẹ àti ará ìlú kì í ṣe tòní ní agbègbè yìí. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni ó sá lọ. Ní 1863, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan náà kọ ohun ìjà wọn sí Ẹ̀pẹ́ fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1865, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, ohun ìjà Gẹ̀ẹ́sì ni ó tú wọn ká. Nígbà tí Ogun Kírìjí, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, gbóná janjan, àwọn Èkìtì Parapọ̀ ti ń lo ìbọn ìgbàlódé tí a ń ti ìdí ki ọta sí. Ní 1890, àwọn ìjọba òyìnbó pàdé ní Brussels, wọ́n sì fi òfin dí ọ̀nà irú ìbọn bẹ́ẹ̀ sí apá tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Áfíríkà. Ìbọn olókùúta àti ẹ̀tù lásán ni wọ́n yọ̀ǹda. Wọ́n ní nítorí òwò ẹrú ni, irọ́ kọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n ìbọn tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa ni èyí tí wọ́n mọ̀ pé kò lè dí àwọn lọ́wọ́. Ìbọn tí amúnisìn kò bẹ̀rù, kí ni ó dé tí ìjọba tiwa fi ń bẹ̀rù rẹ̀?

Wọn yóò ní nítorí ọ̀daràn ni. Ó dára. Ní 2016 àti 2017, ẹgbẹ́ òkùnkùn tí a ń pè ní Badoo wọ ilé onílé lóru ní Ìkòròdú, wọ́n pa tọkọtaya tọmọtọmọ. Kí ni wọ́n fi pa wọ́n? Ọmọ ọlọ ni. Ta ni ó wá fòfin de ọlọ? Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, àwọn ajínigbé wọ ilé-ẹ̀kọ́ Model College ti ìjọba ní Ìgbónlà lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, wọ́n kó ọmọkùnrin 6 lọ; àwọn òbí kò rí ọmọ wọn títí di ọjọ́ 28 oṣù Keje. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kì í tọrọ ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ní 2018, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pàṣẹ kí wọ́n gba gbogbo ìbọn tí òfin kò fọwọ́ sí káàkiri orílẹ̀-èdè, títí kan èyí tí a rọ nílé. Bí a bá gba ṣakabùlà gbogbo ọdẹ Ẹ̀pẹ́ lónìí, ìbọn kan kì yóò dín lọ́wọ́ ajínigbé. Ojú tí ń ṣọ́ igbó ni yóò dín. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Èmi kò ní kí a sọ Ìkòròdú di Amẹ́ríkà, níbi tí àtúnṣe òfin ọdún 1791 ti sọ ìbọn di ẹ̀tọ́, tí wọ́n ń pàtẹ rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn bí ẹni pàtẹ aṣọ. Òfin ìpìlẹ̀ wa ti ọdún 1999 kò fún ẹnikẹ́ni ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó sọ, ní abala 44, ni pé a kò gbọdọ̀ fi ipá gba dúkìá ènìyàn àfi ní ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀. Mo sì mọ ohun tí ìbínú lè ṣe. Ní oṣù Keje ọdún 2017, èrò pa apanilẹ́rìn-ín kan àti àwọn tí ó bá a rìn ní Ìkòròdú, wọ́n dáná sun wọ́n, nítorí wọ́n fura pé Badoo ni wọ́n. Bí gbogbo èrò ọjọ́ náà bá ní ìbọn lọ́wọ́, òkú mélòó ni à bá sin?

Ṣùgbọ́n èrò ọ̀tọ̀, ẹgbẹ́ ọdẹ ọ̀tọ̀. Èrò kò ní olórí. Ọdẹ ní Olúọ́dẹ. Ẹgbẹ́ mọ ẹni tí ń gbé ìbọn, wọ́n mọ ilé baba rẹ̀, wọ́n sì mọ igbó tí ó ń dẹ. Ọ̀dọ́mọdé kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kí ó tó dá ìbọn gbé. Wọ́n kọ́ ọ pé ohun tí ojú kò bá rí dájú, ọwọ́ kì í yìn ín. Ojú Ògún ni ó sì ti ń búra. Bí ọdẹ bá kú, ìró ìbọn ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń sìn ín. Ẹni tí ó ní kí a fi òfin pa ìró yẹn rẹ́ kò mọ̀ pé apá kan nínú ìsìnkú ni òun ń gé kúrò. Kí a sọ fún àgọ́ ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ kí ìlú má bàa já láyà, èyí bójú mu. Kí a dá a dúró pátápátá, èyí kò bójú mu.

Ohun mẹ́ta ni mo ń fẹ́. Èkíní, kí wọ́n máa fún ọdẹ ní ìwé àṣẹ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ fúnra wọn, kí Olúọ́dẹ sì ṣe onídùúró fún ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Èkejì, kí ọlọ́pàá má ṣe gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tí ó ní ìwé àfi bí ó bá kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì fún un ní ìwé ẹ̀rí pé òun gbà á. Ẹ̀kẹta kan àwọn ọdẹ náà: ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá gbé ìbọn lọ síbi ìdìbò, tàbí tí ó yá olóṣèlú lò, kí ẹgbẹ́ fúnra wọn mú un lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ẹ̀tọ́ tí kò ní ojúṣe nínú kì í pẹ́ bàjẹ́.

Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ọba tí kò mọ ìka tó ṣẹ̀, tí ó wá ń gé gbogbo ọwọ́, ta ni yóò bá a ṣọ́ ìlú lọ́la?