Orin Ṣówándé Kì Í Ṣe Ti Chicago Nìkan

Nígbàkígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé ọ́kẹ́sítrà kan lókè òkun fẹ́ gbé orin Fẹlá Ṣówándé jáde nínú àwo, inú àwọn olólùfẹ́ orin ní Èkó a máa dùn. Ayọ̀ náà tọ́, ṣùgbọ́n ìtìjú bá a rìn. Ní Kàtídírà Èkó, lọ́dọ̀ T. K. E. Phillips, ni Ṣówándé ti kọ́ dùùrù. Nínú African Suite rẹ̀ ti 1944, orin Ephraim Amu ará Gánà ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ijó háíláìfù ni ó fi parí. Síbẹ̀, Chicago Sinfonietta ni ó gbé e sáwo ní 2000.

Àwáwí tó gbajúmọ̀ ni pé afunfèrè kò tó nílé. Iṣẹ́ yìí kò tilẹ̀ bèèrè fèrè: ohun èlò olókùn ni, pẹ̀lú háàpù. (Bí háàpù bá ṣọ̀wọ́n, dùùrù oníná lè dípò rẹ̀.) Ilé-ẹ̀kọ́ orin MUSON ní Oníkàn sì ti ń kọ́ni láti 1989.

Ní Ìfàkọ̀-Ìjàyè, àwọn ọ̀dọ́ ń gbé fáólììnì wọ dánfó lọ síbi ìdánrawò ìjọ. Handel ni ọ̀gá akọrin ń fún wọn lọ́dọọdún. Ìjọ tó lówó ẹ̀rọ gbohùngbohùn olówó ńlá kò lè ní òun kò rówó gba orin sílẹ̀. Kí ìjọ mẹ́ta níbẹ̀ pa olókùn wọn pọ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí “Akinla”, kí Kérésìmesì tó dé.