Láti Kado Dé Ilé: Wákàtí Mélòó Ni Bàálù, Mélòó Ni Mọ́tò?

Ẹ̀yin ará wa, bí a bá jókòó ìpàdé ní Kado níbí, ohun tí à ń gbọ́ ni pé Àbújá sí Èkó, wákàtí kan ni bàálù, odidi ọjọ́ kan ni mọ́tò. Ìṣirò yẹn ò pé o.

Lóòótọ́, lójú ọ̀run, bíi 520 kìlómítà ni. Bàálù á fi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ fò ó. Ṣùgbọ́n ta ló ń wọ bàálù lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀? Láti Kado dé pápákọ̀ òfuurufú Nnamdi Azikiwe, ẹ fi wákàtí kan sílẹ̀. Ẹ tún fi bíi wákàtí méjì sílẹ̀ kó tó gbéra. Bẹ́ ẹ bá sọ̀ sí Ìkẹjà, ẹ ó gba ẹrù, ẹ ó wọ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ó ti di wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà nìyẹn, bí bàálù ò bá pẹ́. Èmi alára ti jókòó dè é láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ rí.

Mọ́tò ńkọ́? Ọ̀nà Lọ́kọ́já, Àkúrẹ́, Iléṣà, Ìbàdàn dé Èkó lé ní 700 kìlómítà. Bí ọ̀nà bá dáa, ẹ ka wákàtí méjìlá sí mẹ́rìnlá.

Àmọ́ ṣé Èkó nilé gbogbo wa ni? Ọmọ Àkúrẹ́ tó bá bàálù lọ sí Èkó ti fò kọjá ilé ẹ̀. Ó ṣì máa fi mọ́tò rin bíi 300 kìlómítà padà sẹ́yìn. Mọ́tò tó wọ̀ láti Àbújá níbí lè ti gbé e délé ṣáájú ìgbà yẹn. Pápákọ̀ wà ní Àkúrẹ́, Ìbàdàn àti Ìlọrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàálù ibẹ̀ ò pọ̀ bíi ti Ìkẹjà. Kí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kọ́kọ́ béèrè ti Ìlọrin kó tó sanwó Èkó.

Ẹni tó ní òun ò gba ọ̀nà mọ́, ṣé kì í jẹun ni? Èlùbọ́ àti gàrí ni mò ń tà, wọn ò sì wọ bàálù. Ní oṣù kẹwàá 2022, omi bo títì ní agbègbè Lọ́kọ́já, tírélà dúró, epo bẹntiróò wọ́n ní Àbújá. Láti 2006 ni ìjọba ti gbé iṣẹ́ fífẹ ọ̀nà Àbújá sí Lọ́kọ́já síta, títí dòní la ṣì ń ráhùn lórí ẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, owó ọkọ̀ fò sókè, ọjà náà sì tẹ̀lé e.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí máa ń dunni jù ni ọjọ́ tí wọ́n bá pè láàárín òru pé ara Màámi ò yá. Ẹni tí ò lówó bàálù á fẹ́ sáré gba ọ̀nà lóru, ẹ̀rù ajínigbé sì ń bẹ. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ya àpò kan sọ́tọ̀ fún ìrìn àjò pàjáwìrì, kí ọmọ ẹgbẹ́ yá a, kó sì dá a padà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ wọ mọ́tò, kó dúró dilẹ̀ mọ́.

Ilé ò jìnnà jù, àfi kí a mọ bí a ṣe máa dé ibẹ̀ láàyè.